Wèrè Tó Wọ Ọjà: Adéoyè Lámbò àti Ìwòsàn Àrùn Ọpọlọ ní Àró

Àwọn baba wa a máa sọ pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà, ìwòsàn rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ náà rinlẹ̀ lẹ́nu ará oko àti ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi jẹ́ pé, bí ìdílé kan bá gbọ́ pé ọmọ wọn tí orí rẹ̀ dàrú ti já okùn, tí ó sì ti kọjú sí ọ̀nà ọjà, igbe tí ìyá rẹ̀ yóò ké kò ní í yàtọ̀ sí igbe ẹni tí òkú sùn sí ilé rẹ̀. Nítorí ohun tí ó yé tọmọdé tàgbà ni pé, ní ọjọ́ tí ọmọ ènìyàn bá dúró ní ìhòòhò láàárín àwọn tí ń rà àti àwọn tí ń tà, tí àwọn ọmọdé tò tẹ̀ lé e tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ní ọjọ́ náà ni okùn tí ó so ó mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ já pátápátá. Àwọn tí ń wòran lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mo sì ti gbà pé àwọn baba wa jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Wọn kò sọ pé wèrè tí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá kò ṣeé wò mọ́. Wọn kò fi ariwo tí aláìsàn ń pa díwọ̀n àìsàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi ohùn tí òun nìkan ń gbọ́ díwọ̀n rẹ̀. Ọjà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ọjà ni ibi tí ènìyàn ti ń jẹ́ ènìyàn lójú ènìyàn, tí a ti ń kí ara ẹni, tí a ti ń ná ọjà, tí ẹnì kan ti ń fọkàn tán ẹnì kejì láti ta àwìn fún un. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ tí kò rà tí kò tà, tí gbogbo ojú kàn ń wò ó bí ẹni wo egúngún, onítọ̀hún ti pàdánù ohun tí ó ju làákàyè lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí báyìí, a jẹ́ pé ìwòsàn tí kò bá dá aláìsàn padà sáàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tíì pé. Ọmọ Ẹ̀gbá kan ni ó mú òye yìí, tí ó gbé e wọ ilé ìwòsàn, tí ó sì fi han gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923 ni a bí Thomas Adéoyè Lámbò ní Abẹ́òkúta, ìlú abẹ́ Olúmọ, láàárín àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí. Ilé-ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School tí ó wà ní ìlú náà ni ó lọ kí ó tó sọdá òkun lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn èyí ni ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ. Iṣẹ́ tí ó yàn yìí kì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré sí. Dókítà tí ń la ikùn tàbí tí ń gbẹ̀bí ni àwọn ènìyàn ń sà. Ta ni yóò kàwé títí dé ìlú òyìnbó kí ó tó wá ní òun ń tọ́jú wèrè? Ṣùgbọ́n Lámbò mọ ibi tí bàtà ti ń ta ilé rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ gba oyè dókítà àrùn ọpọlọ.

Kí ni ó bá nílẹ̀ nígbà tí ó padà dé? Ìjọba àwọn òyìnbó ti kọ́ ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ní Yábàá láti ọdún 1907, bí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó sì rí ju ilé ìwòsàn lọ: ògiri gíga, ilẹ̀kùn irin, aṣọ́bodè. Ní 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ lójú ogun Hitila ń padà bọ̀ wálé, wọ́n sọ ibì kan tí ó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú wọn. Àfojúsùn irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí ìlú bọ́ lọ́wọ́ aláìsàn. Pé kí aláìsàn bọ́ lọ́wọ́ àìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n lógún.

Ohun mìíràn tún wà nílẹ̀ tí ó burú ju ògiri lọ, òun ni èrò tí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan ní nípa wa. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde láti ọwọ́ J. C. Carothers, dókítà tí ó ti tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, nínú èyí tí ó ti ń sọ pé iṣẹ́ ọpọlọ adúláwọ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ti òyìnbó, àti pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Lámbò ta ko èrò yìí pẹ̀lú ẹ̀rí, kò sì ṣòro fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá láti mọ ibi tí Carothers ti ṣìnà. Ọkùnrin Yorùbá tí ọkàn rẹ̀ ti wó lulẹ̀ kì í sábà sọ fún dókítà pé inú òun bàjẹ́. Ohun tí yóò sọ ni pé orí òun ń gbóná, pé àyà òun ń já, pé nǹkan kan ń rìn kiri ní agbárí òun bí èèrà, pé oorun ti dágbére fún òun. Ọ̀dẹ orí ni àwọn oníṣègùn wa ń pe irú rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè yìí yóò kọ egbòogi ẹ̀fọ́rí fún un, yóò sì padà sílé lọ kọ̀wé pé ìrẹ̀wẹ̀sì kò sí ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Ọdún 1954 ni Lámbò gba iṣẹ́ ní Àró, ní ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta, níbi tí ìjọba ti ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun fún àrùn ọpọlọ. Ilé náà kò tíì parí nígbà náà. Ẹlòmíràn ìbá jókòó kí ó máa dúró de bíríkìlà, ṣùgbọ́n Lámbò gbójú sókè, ó rí i pé àwọn abúlé àgbẹ̀ wà ní àyíká ibi tí wọ́n ń kọ́ náà, ilé wà níbẹ̀, ènìyàn sì wà nínú ilé. Ó tọ àwọn baálé lọ, ó bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá baba sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn aláìsàn wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Abúlé mẹ́rin ni ètò náà gbà. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún yàrá, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí omi mímu, lórí ìmọ́tótó àti lórí ẹ̀fọn. Òfin kan ṣoṣo ni ó le: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa bá a gbé títí ara rẹ̀ yóò fi yá, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n, ìbáà ṣe àbúrò tàbí arábìnrin ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo òwúrọ̀ kan ní irú abúlé bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ìyá kan tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ti dá iná, ó ti gbé ẹ̀kọ kaná, ó ti fọ aṣọ tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ lánàá, ó sì ti sá a sórí okùn. Ọmọ náà, géńdé ọkùnrin, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, ó fún un ní oúnjẹ, ó fà á lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí nọ́ọ̀sì yóò ti fún un ní oògùn tàbí abẹ́rẹ́, tí dókítà yóò ti bi í ní ìbéèrè. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, ìyá yóò tún lọ mú un wálé. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin abúlé ti oko dé, wọ́n tẹ́ ọpọ́n ayò sábẹ́ igi, onílé sì kígbe sí ọmọ náà pé, “Ọmọ mi, dìde, wá bá mi kó iṣu yìí wọlé.” Ó dìde, ó kó iṣu. Lójú ẹni tí kò mọ̀, iṣu lásán ni. Lójú mi, ìgbà tí wọ́n rán an níṣẹ́ yẹn gan-an ni ìwòsàn bẹ̀rẹ̀, nítorí pé a kì í rán ẹni tí a ti kà sí òkú níṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ń rán níṣẹ́ mọ̀ pé òun ṣì wà lára àwọn ènìyàn.

Ẹ má ṣe rò pé Lámbò ta oògùn nù nítorí abúlé. Àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró bọ́ sí àkókò tí ìmọ̀ oògùn ọpọlọ ń yí padà ní gbogbo àgbáyé. Ní 1952, ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní ìlú Paris, Jean Delay àti Pierre Deniker fi oògùn kan tí ń jẹ́ chlorpromazine wo àwọn tí orí wọn dàrú, wọ́n sì rí i pé ẹni tí okùn àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò lè mú dákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, ó ń jẹun, ó sì ń dáhùn ọ̀rọ̀. Oògùn yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì wa mọ̀ sí Largactil. Ọ̀nà tí ó gbà ń ṣiṣẹ́ kò hàn sí àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwádìí fi hàn pé omi ara kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamine, tí ó dà bí ìránṣẹ́ tí ń mú ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ iṣan kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Bí ìránṣẹ́ yìí bá ń sáré sódì, aláìsàn a máa gbọ́ ohùn níbi tí ohùn kò sí, a sì máa rí ọ̀tá níbi tí ọ̀rẹ́ jókòó sí. Ohun tí Largactil àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ìránṣẹ́ náà, kí ọ̀rọ̀ tí ó ń mú wá má baà pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní ọdún 1952 yìí kan náà, àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ Ciba ní ilẹ̀ Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n sọ ní reserpine jáde láti ara gbòǹgbò igi kan tí àwọn ará Íńdíà ti ń lò láti ayébáyé. Ẹ̀yin ará, igi yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni asofẹ́yẹjẹ, igi tí í so kí ẹyẹ ojú ọ̀run lè rí jẹ, tí àwọn oníṣègùn wa ti ń wa gbòǹgbò rẹ̀ láti fi wo wèrè kí òyìnbó tó dé. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Àró ní 1957, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, ó rí bí wọ́n ṣe ń fi egbòogi náà mú aláìsàn sùn, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ó tún kọ orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi àìsàn náà: wèrè, àsínwín, dìndìnrìn, abisínwín tí í mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, àti wèrè aláṣọ, èyí tí onítọ̀hún ṣì ń wọ aṣọ tí ó sì ń jẹ́ kí wọ́n kí òun, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ti dàrú. Àwọn tí wọ́n sọ pé a kò ní ìmọ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí kò bèèrè ni.

Bí ó ti wù kí ó rí, òtítọ́ ni kí n sọ. Asofẹ́yẹjẹ tí í mú wèrè sùn lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó sì lè ti ẹni tí ó ń mu ún sínú ìrẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, kì í ṣe àgbo tí ẹnikẹ́ni lè máa sè nínú yàrá ara rẹ̀. Oògùn òyìnbó pàápàá ní gbèsè tí í gbà lọ́wọ́ ara. Ẹ jẹ́ kí a ní aránṣọ kan wà tí àìsàn yìí mú. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn tí ń bú u; wọ́n fún un ní oògùn; ohùn náà sì dákẹ́. Nínú ìwé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ ti yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú òwú, ó mú abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò wọ̀ ọ́. Ọrùn rẹ̀ le, ìtọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, oorun ń kùn ún ní ọ̀sán gangan. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wò ó títí, wọ́n gbé aṣọ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọkùnrin yìí kò gbọ́ ohùn mọ́, ṣùgbọ́n kò rí jẹ, kò rí mu, kò sì rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ. Ǹjẹ́ a lè sọ pé a ti wò ó sàn?

Ìbéèrè yìí ni ó pín àwọn olùwádìí ìlera ọpọlọ sí méjì. Àwọn kan ń ka àmì àìsàn nìkan: mélòó ni ó kù, mélòó ni ó ti lọ? Àwọn mìíràn, tí Lámbò jẹ́ baba fún lọ́dọ̀ tiwa, ń bèèrè pé báwo ni ayé ṣe rí fún ẹni tí a ní a wò sàn. Ní àwọn ọdún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwé ìbéèrè kan tí a fi lè wọn nǹkan yìí. Èyí tí ó kúrú nínú rẹ̀ ní ìbéèrè 26. Ó kan ara, ó kan ọkàn, ó kan àjọṣe ẹni pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ó sì kan àyíká tí ènìyàn ń gbé, títí dé orí owó tí ó ní lọ́wọ́ àti ọkọ̀ tí ó lè wọ̀ jáde. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn, kì í ṣe dókítà rẹ̀. Bí a bá bi aránṣọ wa ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, gbọ̀nrìgbọ̀nrì ọwọ́ rẹ̀ yóò jáde sí gbangba, dókítà yóò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun dín oògùn kù, tàbí kí òun pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí òun fi Artane tì í lẹ́yìn kí ọwọ́ náà lè rọ̀. Àwọn oògùn tuntun tí ó dé lẹ́yìn Largactil kò sábà mú ọwọ́ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn a máa mú ènìyàn sanra, wọ́n sì lè fa ìtọ̀ ṣúgà. Kò sí oògùn tí kì í bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó. Iṣẹ́ olùwádìí ni láti rí i pé ohun tí ó ń bèèrè kò ju ohun tí ó ń fúnni lọ.

Ní Àró, Lámbò tún ṣe ohun kan tí ó ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu: ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá, kí wọ́n máa bá a ṣiṣẹ́. Kò pè wọ́n wá láti wá gba ipò dókítà. Ó pè wọ́n nítorí pé wọ́n mọ ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù, wọ́n mọ ìdí tí ó fi rò pé ayé ń ṣe òun, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń kó ẹbí tí ìjà ti tú ká jọ yí ọ̀kan nínú wọn ká. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti láti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, Lámbò sì ni olùpè wọn. Ní àkókò yìí kan náà ni òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ń ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti nínú ìlú Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń fi ohun tí wọ́n rí wé èyí tí Leighton ti rí ní àgbègbè kan ní ilẹ̀ Kánádà. Ìwé wọn jáde ní 1963. Ohun tí ó hàn nínú rẹ̀ ni pé ìbànújẹ́, ìfòyà àti àìsùn tí ń yọ òyìnbó lẹ́nu ń yọ Yorùbá náà lẹ́nu. Ohun tí ó bá ojú ló bá imú.

Ọdún 1963 yìí náà ni Lámbò di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ó ti di gíwá ní 1968. Ní 1971 ó kọjá sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, ó sì jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà níbẹ̀ láti 1973 títí di 1988. Àwọn akẹ́gbẹ́ tí ó fi sílẹ̀, àwọn bíi Tolani Asuni ní Àró, kò jẹ́ kí iná náà kú.

Ìgbà tí Lámbò wà ní Geneva ni ẹ̀rí kan jáde tí ó mi ayé ìṣègùn. Ìlú mẹ́sàn-án ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn láti wádìí àìsàn tí a ń pè ní schizophrenia, èyí tí ó súnmọ́ ohun tí àwa ń pè ní wèrè gan-an: Aarhus, Agra, Cali, Ìbàdàn, London, Moscow, Prague, Taipei àti Washington. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n kà sínú ìwé. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n padà lọ wo bí nǹkan ṣe rí fún wọn. Gbogbo ènìyàn rò pé ibi tí dókítà ti pọ̀, tí ilé ìwòsàn ti dára, ni ara wọn yóò ti yá jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti Agra wà lára àwọn tí nǹkan ṣẹnuure fún jù lọ. Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, n kò sì ní tan yín pé ẹbí nìkan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ìyá tí ń mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ gba ọ̀nà Àró ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kò ní í sọ pé ọwọ́ ìyá kò sí nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò dúró. Ní ìran tí ó tẹ̀ lé tiwọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní ìpínlẹ̀ 21 ní Nàìjíríà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà 4,984 lẹ́nu wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bí méjìlá ni àìsàn ọkàn tàbí ti ọpọlọ ti kọlù rí ní ìgbésí ayé wọn. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ń ṣe lọ́wọ́ láàárín ọdún kan, mẹ́jọ péré ni ó rí ìtọ́jú kankan gbà. Méjìléláàádọ́rùn-ún ń dá a rù. Wọn kò wà ní ọjà. Ilé ni wọ́n wà, wọ́n wọṣọ, wọ́n ń dáhùn ìkíni, wọ́n sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tí àìsàn tiwọn le ń kọ́? Púpọ̀ nínú wọn ni ẹbí ń gbé lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn, wòlíì tàbí àáfà. Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bú àwọn wọ̀nyí. Wọ́n lọ bá wọn, bí Lámbò ti ṣe lọ bá àwọn baálé. Ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé máa lọ sí ibùdó àwọn oníṣègùn àti wòlíì, kí wọ́n máa fún aláìsàn ní oògùn níbẹ̀, kí wọ́n sì bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ lórí nínà àti dídè, nígbà tí onílé náà ń bá àdúrà àti ètùtù tirẹ̀ lọ. Aláìsàn 307 ni ó wà nínú ìwádìí náà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2020. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n tọ́jú lọ́nà àjùmọ̀ṣe yìí yá gidigidi ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bí ó ti máa ń rí tẹ́lẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n kò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ní 2019, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ ènìyàn ti Human Rights Watch rí i pé àwọn aláìsàn ṣì wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ibùdó ìjọba, ní ilé ìsìn àti ní ilé ìṣègùn ìbílẹ̀. Òfin wèrè tí àwọn òyìnbó ṣe fún wa ní 1916 ni a ń rù kiri títí di oṣù kìíní ọdún 2023, kí Ààrẹ tó buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Àwọn abúlé Àró pàápàá kò rí mọ́ bí Lámbò ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ìlú ti gbòòrò, àgbẹ̀ ti di oníṣòwò, ayálégbé tí ń san owó gọbọi ti gba yàrá. Lámbò fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹta ọdún 2004. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ ní Àró kì í ṣe bíríkì, kò sì yẹ kí ó wó pẹ̀lú ilé.

Ẹ̀yin ará mi, bí irú àìsàn yìí bá wọ ilé yín, ẹ má ṣe fi í pamọ́ sí ìyẹ̀wù títí yóò fi gbó. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí oògùn bá ń ni ín lára, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, bí oorun bá ń pọ̀ lójú rẹ̀, ẹ má ṣe da oògùn nù fúnra yín. Ẹ padà lọ sọ fún dókítà, nítorí pé ó lè dín in kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má nà án, ẹ má dè é. Nígbà tí ara rẹ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, ẹ má ṣe máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ènìyàn ni aṣọ ẹni. Ẹ fi ara yín bò ó. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ jẹ, ẹ sì wá iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká fún un. Ní ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ó ti tó bẹ́ẹ̀, ẹ ka owó sí i lọ́wọ́, kí ẹ sì rán an lọ sí ọjà.